Aràn Inú Ahun àti ti Òjòlá Tí A Ń Sìn Nínú Ilé

Àwọn àgbà a máa wí pé kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀ràn rí pẹ̀lú àwọn ẹran afàyàfà tí àwọn ènìyàn ń sìn nínú ilé, ìbáà ṣe ahun, ìbáà ṣe òjòlá, ìbáà ṣe alángbá. Nígbà tí irú ẹran bẹ́ẹ̀ bá kú, ẹni tí ó ni ín a máa di ẹ̀bi ru oúnjẹ, tàbí òtútù, tàbí ọmọ aládùúgbò. Ṣùgbọ́n bí a bá la inú rẹ̀ wò, nígbà púpọ̀ ni a ó rí i pé inú ara rẹ̀ ni ọ̀tá náà wà láti ọjọ́ tí ó ti ti igbó dé.

Ọdẹ tí ó bá pa ahun nínú igbó tí ó sì la ìfun rẹ̀ yóò rí ohun tí ó lè yà á lẹ́nu. Ìhà ẹ̀yìn ìfun náà a máa kún fún àwọn aràn funfun wẹ́wẹ́, tí wọ́n dàbí òwú ìránṣọ tí a gé kélekèle, tí wọ́n sì ń yí mọ́ ara wọn. Nínú ahun kan ṣoṣo wọ́n lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Síbẹ̀ ahun náà sanra, ojú rẹ̀ mọ́ gaara, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì le. Ṣùgbọ́n bí a bá mú òmíràn irú rẹ̀ wá sí ilé, tí a sì sé e mọ́ inú àpótí pákó tàbí igun àgbàlá, láàrin oṣù díẹ̀ ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í rù, kí ó kọ oúnjẹ, kí ó sì kú. Aràn kan náà ni ó wà nínú àwọn méjèèjì. Ibùgbé ni ó yí padà.

Ọ̀nà tí ó gbà rí bẹ́ẹ̀ nìyí. Ẹyin àwọn aràn wẹ́wẹ́ yìí a máa bá ìgbẹ́ ahun jáde. Nínú igbó, ahun kì í gbé ojú kan. Ibi tí ó bá ya ìgbẹ́ sí lónìí, ó lè pẹ́ kí ó tó tún gba ibẹ̀ kọjá. Òòrùn a pa nínú àwọn ẹyin náà, òjò a gbá nínú wọn lọ, àwọn kòkòrò tí ń yí ìmí a sì kó òmíràn wọ inú ilẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń padà sí ẹnu ahun pẹ̀lú koríko tàbí olú tí ó bá jẹ. Nínú àpótí, kò rí bẹ́ẹ̀. Ahun a ya ìgbẹ́, a rìn lórí rẹ̀, a fi ẹsẹ̀ pò ó mọ́ ewé tí a dà sílẹ̀ fún un, a sì jẹ ẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹyin tí ó jáde ni ó ń rí ọ̀nà padà. Bí èyí bá ń bá a lọ lójoojúmọ́, iye aràn a kọjá èyí tí ìfun lè gbà láìsí ìpalára, ìfun a wú, oúnjẹ a sì dúró lójú kan.

Kò yẹ kí a gbàgbé pé aràn díẹ̀ kì í ṣe àìsàn fún ahun. Àwọn onímọ̀ kan tilẹ̀ rò pé nígbà tí wọ́n bá mọ níwọ̀n, wọ́n ń ṣe é ní oore, nítorí bí wọ́n ti ń yí nínú ìfun ni wọ́n ń po koríko tí ó ń dà níbẹ̀ pọ̀, bí ìgbà tí obìnrin bá ń ro ọkà nínú ìkòkò. Nítorí náà ẹni tí ó bá rò pé dandan ni kí a lé gbogbo aràn jáde títí kò fi ní ku ẹyọ kan, iṣẹ́ tí ahun kò bẹ̀ ẹ́ ni ó ń ṣe. Ohun tí a ń wá ni kí iye wọn má ṣe borí ẹran.

Ohun mìíràn tí ibùgbé ń yí padà ni ìgbóná ara. Ẹran afàyàfà kò ní iná nínú ara rẹ̀ bí ewúrẹ́ tàbí adìẹ. Ọ̀dọ̀ òòrùn ni ó ti ń yá iná. Nígbà tí ara rẹ̀ bá gbóná dé ìwọ̀n tí ó yẹ, oúnjẹ a dà nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a sì lè bá àìsàn jà. Nígbà tí ara bá tutù, oúnjẹ a dúró, agbára tí ó fi ń kó aràn níjàánu a sì rọ̀. Ahun tí a sé mọ́ inú yàrá dúdú, tàbí èyí tí a lu ihò sí ìkarahun rẹ̀ tí a sì fi okùn so mọ́ ìdí igi, kò lè wá òòrùn lọ nígbà tí òtútù bá mú un, kò sì lè wá ibòji lọ nígbà tí ooru bá mú un. Egungun tí ó ní ẹ̀jẹ̀ àti ìmọ̀lára ni ìkarahun; ìwà ìkà ni lílu ihò sí i, yàtọ̀ sí pé ojú ihò náà lè kẹ̀.

Àwọn aràn inú ẹran afàyàfà pín sí ọ̀nà méjì, ìpín yìí sì ni kókó gbogbo ọ̀ràn náà. Àwọn kan wà tí ń ti inú ìgbẹ́ padà tààrà sí ẹnu tàbí sí awọ ara ẹran, tí wọn kò wá ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Irú bẹ́ẹ̀ ni aràn wẹ́wẹ́ inú ahun. Irú bẹ́ẹ̀ náà ni aràn tí ń fi ẹnu kọ́ ara ìfun ejò, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Kalicephalus, àti aràn inú ẹ̀dọ̀fóró ejò, Rhabdias, tí ọmọ rẹ̀ lè ti inú ilẹ̀ tútù gba awọ wọlé. Àwọn kejì kò lè dàgbà àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé inú ẹran mìíràn, bí eku tàbí ọ̀pọ̀lọ́. Irú bẹ́ẹ̀ ni aràn gbọọrọ tí ń gbé inú òjòlá, Ophidascaris, àti àwọn aràn pẹlẹbẹ tí ó rí bí ọ̀já. Nínú àgò, àwọn ti ìṣáájú a máa pọ̀ sí i láti ọjọ́ dé ọjọ́, ṣùgbọ́n àwọn ti ìkẹyìn a máa dínkù, nítorí ẹran tí wọ́n ń yà sí lọ́nà kò sí níbẹ̀ mọ́. Bí ẹni tí ó ni òjòlá bá wá ń mú eku inú ilé tàbí eku oko fún un jẹ, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń bá aràn náà tún afárá tí ó ti wó kọ́.

Bí ahun bá ní aràn púpọ̀, kì í kígbe. Àṣà ẹran afàyàfà ni láti fi àìsàn pamọ́, nítorí nínú igbó, èyí tí ó bá ṣe bí aláìlera ni àwọn apẹranjẹ ń kọ́kọ́ mú. Nígbà tí àmì bá fi máa hàn, ọ̀ràn ti pẹ́: ojú a jìn, ìgbẹ́ a ṣàn tàbí kí ewé tí kò dà máa bá a jáde, aràn a hàn nínú ìgbẹ́, ẹran a sì máa sùn ní wákàtí tí ó yẹ kí ó máa jẹun. Òṣùwọ̀n sàn ju ojú lọ nínú ọ̀ràn yìí. Kí a wọn ẹran náà ní ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lórí òṣùwọ̀n kan náà, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àyè tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ oṣù nínú ìwé kàlẹ́ńdà tó fún irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ahun tí ó wọn gíráàmù 600 ní oṣù kan, tí ó sì di 540 ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, ti pàdánù ìdámẹ́wàá ara rẹ̀, síbẹ̀ ojú kò lè rí ìyàtọ̀ náà, nítorí ìkarahun kì í rù.

Kí a tó fún un ní oògùn, ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń lé. Ìgbẹ́ tuntun, tí kò tíì pé ọjọ́ kan, ni a ó fi igi kékeré mú láìfi erùpẹ̀ kún un. A ó fi í sínú ìgò kékeré tí ó ní ìdérí, a ó sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Ibi tí ó tutù ni kí a tọ́jú rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe di yìnyín. Ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà ní Abẹ́òkúta ni a ti ń kọ́ àwọn dókítà ẹran, àyẹ̀wò ìgbẹ́ kò sì ṣàjèjì sí wọn, nítorí bákan náà ni wọ́n ń yẹ ti màlúù àti ti adìẹ wò. Dókítà a pò ó mọ́ omi tí a ti da iyọ̀ sí títí iyọ̀ kò fi lè yọ́ nínú rẹ̀ mọ́. Omi iyọ̀ yìí wúwo ju ẹyin aràn lọ. Ìdọ̀tí a rì, ẹyin a sì léfòó, a ó sì fi dígí pẹlẹbẹ gbà á lókè, a ó fi í sábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. A ó tún mú díẹ̀ nínú ìgbẹ́ kan náà sínú omi lásán, nítorí àwọn kòkòrò tí ó kéré ju aràn lọ wà tí omi iyọ̀ ń pa, tí a kò lè mọ̀ àfi bí a bá rí wọn bí wọ́n ti ń wẹ̀ kiri.

Ọgbọ́n wà nínú kíka ohun tí awò bá fi hàn. Nínú ìgbẹ́ òjòlá tí ó jẹ eku, a lè rí ẹyin aràn tí ń gbé inú eku, àti ẹyin àwọn kòkòrò tí ń gbé ara irun eku. Wọn kò ní ilé nínú ejò. Èrò ọ̀nà ni wọ́n, wọ́n kàn ń kọjá lọ ni. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n yàtọ̀ yóò fún ejò ní oògùn nítorí àìsàn eku. Ní ìdà kejì ẹ̀wẹ̀, bí a kò bá rí ẹyin kankan ní ẹ̀ẹ̀kan, kò túmọ̀ sí pé aràn kò sí, nítorí aràn kì í yé ẹyin lójoojúmọ́ ní ìwọ̀n kan náà. Ìgbà mẹ́ta, pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ mélòó kan láàrin wọn, ni ó tó láti gbọ́kàn lé.

Oògùn tí àwọn dókítà ń lò jù fún aràn wẹ́wẹ́ inú ahun ni fenbendazole. Ó ń ṣiṣẹ́ nípa bíba àwọn okùn tíntìntín tí ó wà nínú ara aràn jẹ́, tí aràn kò fi lè fa oúnjẹ sára mọ́; a lè wí pé ebi ni ó fi ń pa á. Ìwọ̀n tí a sábà ń kọ ni mìlìgíráàmù 50 sí 100 fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan tí ẹran náà wọn, a ó fún un láti ẹnu, a ó sì tún un fún un lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ahun bá wọn gíráàmù 600, tí dókítà sì kọ 50, mìlìgíráàmù 30 ni yóò gbà. Bí ó bá ṣe oògùn olómi tí mìlìgíráàmù 100 wà nínú mìlìlítà kan rẹ̀, mìlìlítà 0.3 ni a ó fi síríǹjì tí a ti yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀ fà. Ìwọ̀n tí a kọ sára ìgò fún màlúù kò ju mìlìgíráàmù 5 sí 7.5 fún kílógíráàmù kan lọ. Ẹni tí ó bá fi ti màlúù díwọ̀n ti ahun yóò fún un ní nǹkan bí ìdámẹ́wàá ohun tí ó yẹ, yóò sì wí pé oògùn náà kò dára. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe wá sọ ọ́ di púpọ̀ jù. Nínú ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2005 lórí irú ahun kan tí ń gbé ilẹ̀ Yúróòpù, a rí i pé ẹ̀jẹ̀ funfun tí ń bá àìsàn jà dínkù nínú wọn lẹ́yìn tí wọ́n gba oògùn yìí. Nítorí náà ahun tí kò ní aràn púpọ̀ kò nílò rẹ̀, èyí tí ó sì ti rù kanlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba omi àti ìgbóná. A ó gbé e sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tí kò ga ju àgbọ̀n rẹ̀ lọ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ó mu, kí ó sì ya ìgbẹ́, kí a tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun. Ìfun ahun kì í yára bí ti ajá; ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lè kọjá kí ẹyin aràn tó dáwọ́ dúró nínú ìgbẹ́, a kò sì gbọdọ̀ torí èyí fi oògùn lé oògùn.

Oògùn kan wà tí a gbọ́dọ̀ pè ní orúkọ, nítorí ó ń pa ahun. Orúkọ rẹ̀ ni ivermectin. Oògùn rere ni fún ènìyàn àti fún ọ̀pọ̀ ẹran. Satoshi Ōmura ni ó rí kòkòrò inú ilẹ̀ tí a ti mú un jáde, ní Jàpáànì. William Campbell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ó ń pa aràn inú ẹran. Àwọn méjèèjì sì wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2015. Ó ti dá ojú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sí ní ilẹ̀ Áfíríkà, nítorí òun ni a ń pín káàkiri abúlé fún àrùn ìfọ́jú tí eṣinṣin etí odò ń fà, láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ Merck ti ṣèlérí ní ọdún 1987 pé òun yóò máa fi í tọrẹ. Àwọn darandaran ń gún màlúù àti àgùntàn ní abẹ́rẹ́ rẹ̀. Nítorí náà kò ṣòro láti rí, ẹni tí ó bá sì rí i tí ahun rẹ̀ ń rù lè rò pé ohun tí ó wo ewúrẹ́ sàn yóò wo ahun sàn.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Agbára ivermectin ni láti mú kí iṣan aràn rọ, kí ó má lè di ìfun mú mọ́. Nínú ewúrẹ́ àti nínú ènìyàn, bí ògiri kan wà láàrin ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí oògùn náà wọlé. Nínú ahun, ó ń wọlé. Ọrùn a rọ, ẹsẹ̀ a nà sílẹ̀, ahun kò sì ní lè fa orí rẹ̀ wọlé nígbà tí a bá fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ ni a sì mọ̀ pé ìhà ahun ti lẹ̀ mọ́ ìkarahun, tí àyà rẹ̀ kò lè wú kí ó sì sọ̀ bí ti ènìyàn. Iṣan tí ó wà ní ìdí ẹsẹ̀ àti ní ikùn rẹ̀ ni ó fi ń mí. Nígbà tí iṣan wọ̀nyí bá rọ, èémí a dúró. Ní ọdún 1983 àwọn dókítà ẹran méjì ní Amẹ́ríkà, Teare àti Bush, tẹ ìwádìí wọn jáde lórí oògùn yìí nínú ahun, wọ́n sì fi hàn pé ìwọ̀n tí ó kéré sí mìlìgíráàmù 0.2 fún kílógíráàmù kan, èyí tí a ń fún màlúù, ti tó láti mú kí ara irú ahun mìíràn rọ. Kò sí oògùn tí ó lè pa agbára rẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti wọ ara. Òfin yìí dé orí gbogbo ìran ahun, ti igbó, ti aṣálẹ̀ àti ti inú omi. Ó sì kan èyí tí a ń gún, èyí tí a ń gbé mì àti èyí tí a ń dà sí ara. Ní ti ejò, àwọn dókítà a máa lò ó nígbà mìíràn pẹ̀lú ìṣọ́ra, ṣùgbọ́n ó ti ṣe àwọn ejò àti alángbá kan ní ibi pẹ̀lú, nítorí náà kì í ṣe oògùn tí a ń lò nílé láìbéèrè.

Lẹ́yìn oògùn, iṣẹ́ ṣì kù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kùnà. Oògùn tí ó wà nínú ahun kò lè pa ẹyin tí ó wà nínú ilẹ̀. Bí a bá dá ẹran náà padà sórí erùpẹ̀ tí ó ti ń ya ìgbẹ́ sí láti ọdún tí ó kọjá, láàrin oṣù díẹ̀ inú rẹ̀ yóò tún kún. Kí a tẹ́ ìwé ìròyìn tàbí bébà lásán sínú àpótí rẹ̀ ní gbogbo àkókò ìtọ́jú, kí a sì pa á dà lójoojúmọ́. Orí òkúta pẹlẹbẹ tàbí àwo ni kí a máa gbé oúnjẹ lé, kí ó má ṣe jẹ́ orí ilẹ̀. Àwo omi ni kí a ṣọ́ jù, nítorí inú omi ni ahun fẹ́ràn láti ya ìgbẹ́ sí, inú rẹ̀ náà ni yóò sì ti mu. Oògùn ìfọṣọ aláwọ̀ funfun tí ń bó aṣọ kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé láti pa ẹyin aràn. Omi tí ń hó ni ó ń pa á, kí a sì sá àpótí náà sí òòrùn kí ó gbẹ pátápátá. Bí ó bá jẹ́ inú ọgbà ni ahun ń gbé, kí a máa ṣí ọgbà náà kiri, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ti ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ kí ó sinmi. Ẹran tuntun tí a bá sì rà, oṣù mẹ́ta ni kí ó fi dá gbé, pẹ̀lú àwo tirẹ̀ àti ìgbálẹ̀ tirẹ̀, kí a tó jẹ́ kí ó bá àwọn ti àtijọ́ pàdé.

Ní ti òjòlá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ wa ju bí a ti rò lọ. Òjòlá kékeré kan wà tí ń ká ara rẹ̀ jọ bí bọ́ọ̀lù nígbà tí ẹ̀rù bá bà á. Ní Ouidah, ní ilẹ̀ Olómìnira Benin, àwọn ènìyàn ti ń tọ́jú rẹ̀ nínú ilé òrìṣà fún ìgbà pípẹ́. Òun náà ni ó wà lára àwọn ejò tí a ń sìn jù ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a ń kó lọ láti Áfíríkà sì ti Tógò, Benin àti Gánà lọ. Àwọn àgbẹ̀ a máa wú u nínú ihò eku àti nínú ọ̀gán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, pẹ̀lú ẹyin rẹ̀, wọn a sì tà á fún àwọn oníṣòwò. Bí a bá kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ pọ̀ sínú àpò kan, ìgbẹ́ ọ̀kan a kan ẹnu èkejì, aràn a sì pààrọ̀ ilé kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò rà wọ́n. Ọmọ òjòlá tí a pa láti inú ẹyin ní ibi tí ó mọ́, tí a sì ń fi eku tí a sìn bọ́, kì í sábà ní aràn púpọ̀. Àgbà òjòlá tí a wú nínú oko ni ó ń gbé wọn rìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà kí ó béèrè èwo ni a ń tà fún un. Yàtọ̀ sí èyí, eku tí ń jẹ iṣu àti àgbàdo ni òjòlá yìí ń jẹ, èyí tí ó bá wà nínú oko ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Nínú ẹ̀dọ̀fóró òjòlá àti paramọ́lẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ni ohun kan wà tí a ń pè ní Armillifer. Ó jọ aràn, ṣùgbọ́n kì í ṣe aràn. Àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé ìbátan edé àti akàn ni. Ara rẹ̀ ní òrùka òrùka láti orí dé ìdí, bí ẹni tí ó to ẹ̀gbà sí gbogbo ara. Ẹyin rẹ̀ a máa bá itọ́ àti ìgbẹ́ ejò jáde. Eku a gbé e mì, ọmọ rẹ̀ a sì ká ara rẹ̀ jọ sínú ẹran ara eku títí ejò mìíràn yóò fi jẹ eku náà. Ewu rẹ̀ ni pé bí ẹyin náà bá bọ́ sí ẹnu ènìyàn, ohun tí ó ń ṣe nínú eku ni yóò ṣe nínú ènìyàn pẹ̀lú. Ní ọdún 1847 ni Pruner ti rí i nínú ara ènìyàn ní Káírò, láti ìgbà náà sì ni àwọn dókítà ti ń rí i ní ìwọ̀-oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà, Nàìjíríà pẹ̀lú. Nígbà púpọ̀ kì í ṣe ẹni náà ní nǹkan kan. Ọmọ Armillifer a kú nínú ẹ̀dọ̀ tàbí lára ìfun, a sì di líle, tí yóò fi hàn nínú àwòrán tí a fi iná ẹ̀rọ yà ní ilé ìwòsàn bí òrùka tí a kò pa dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá pọ̀, wọ́n lè ba ìfun jẹ́, ó sì ti wọ ojú àwọn mìíràn. Kò sí oògùn tí a ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún un. Bí ó bá le, iṣẹ́ abẹ ni. Ẹni tí ń jẹ ẹran ejò kí ó sè é jinná dáadáa. Síbẹ̀ ọwọ́ ẹni tí ń la ejò, ọ̀bẹ rẹ̀ àti pákó tí ó fi ń gé e ni ó yẹ kí a bẹ̀rù jù, nítorí iná kì í kàn wọ́n.

Kò yẹ kí a sin ahun àti ejò sínú ọgbà kan. Kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí, Entamoeba invadens, tí Rodhain fún ní orúkọ ní ọdún 1934, a máa gbé inú ahun láìṣe é ní ibi, ṣùgbọ́n bí ó bá dé inú ejò tàbí alángbá, a máa jẹ ìfun àti ẹ̀dọ̀ wọn títí wọn ó fi kú, nígbà mìíràn láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Omi tí ahun wẹ̀ nínú rẹ̀ ti tó láti gbé e dé ọ̀dọ̀ ejò. Dókítà lè fi metronidazole wò ó bí a bá tètè mọ̀. Òmíràn burú ju èyí lọ, Cryptosporidium ni, tí ń mú kí ejò máa pọ eku tí ó gbé mì, tí àárín ara rẹ̀ a sì wú bí ẹni tí ó gbé òkúta mì. Kò tíì sí oògùn tí ó dájú fún un, ẹyin rẹ̀ a sì máa la oògùn ìfọṣọ kọjá. Ejò tí a bá rí i nínú rẹ̀, kí ó dá gbé títí ayé rẹ̀, kí a sì máa tọ́jú rẹ̀ kẹ́yìn lẹ́yìn gbogbo ẹran yòókù.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé, tí wọ́n fẹ́ràn láti máa gbé ahun kiri, kí wọ́n sì ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bọ́ sí ìdí àwo oúnjẹ. Ahun tí ó sanra tí kò sì ní àmì àìsàn kankan lè gbé kòkòrò Salmonella sínú ìfun rẹ̀, èyí tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru àti ibà, tí ó sì lè pa ọmọ ọwọ́. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ tí ó gba àìsàn yìí láti ara ahun omi kéékèèké pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi kà á léèwọ̀ ní ọdún 1975 láti ta èyí tí ìkarahun rẹ̀ kò bá gùn tó íńṣì mẹ́rin. Ọṣẹ àti omi ni ààbò, ní gbogbo ìgbà tí a bá fọwọ́ kan ẹran náà tàbí àpótí rẹ̀. Kí a má ṣe fọ àwo rẹ̀ níbi tí a ti ń fọ àwo ènìyàn, kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún má sì ṣe gbé e. Ìgbẹ́ tí a bá gbá jáde, kí a wa ilẹ̀ jìn, kí a sin ín, ní ibi tí ó jìnnà sí kànga àti sí ẹ̀fọ́. Òkú ejò náà bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, kí a má ṣe jù ú sí ààtàn níbi tí eku yóò ti rí i, kí a má sì ṣe fún ajá jẹ.